Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, ṣùgbọ́n oògùn a máa ní ìwọ̀n

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìsinmi.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹ tẹ àròkọ kan jáde nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ní iṣẹ́ mẹ́ta lọ́wọ́, tí kì í sùn ju wákàtí mẹ́ta lọ lóru, tí ó sì ti lé ní ọdún mẹ́rin tí ó ti sinmi kẹ́yìn. Ẹni tí ó kọ àròkọ náà yìn ín gidigidi. Ó ní irú rẹ̀ ni ó yẹ kí gbogbo ọ̀dọ́ ilẹ̀ Yorùbá jẹ́, ó sì fi kún un pé oorun nìkan ni ó ya olówó sọ́tọ̀ kúrò lára tálákà. Ìṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Ìṣọ̀kun, ní Iléṣà níbí, ni mo ti ka àròkọ náà sókè fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń ṣe nígbà tí iná bá lọ tí ọwọ́ wa sì dilẹ̀ díẹ̀. Bí mo ti kà á tán, èyí tí ó kéré jù láàrin wọn bi mí pé, "Màmá, ṣé ọ̀lẹ wá ni ẹni tí ó bá sùn tí ilẹ̀ fi mọ́?" N kò lè dá a lóhùn. Ojú mi ti lọ sí ọwọ́ òsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú iṣẹ́, ẹni tí ó jókòó sí ìdí ẹ̀rọ kejì, ọkàn mi kò sì balẹ̀ títí mo fi mú bírò láti kọ̀wé sí yín.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n sọ irú ènìyàn tí mo jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀lẹ ni ó ń gbèjà ọ̀lẹ. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí, ó sì ti di ọdún méjìdínlógójì tí mo ti ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú jẹun. Ọmọ òṣómàáló sì ni mí. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Ìjẹ̀ṣà mọ̀ pé àwọn bàbá wa ni wọ́n ń di aṣọ lẹ́rù, tí wọ́n ń gbé e lọ sí Èkìtì, sí Àkókó, títí dé ọ̀nà Kàbà àti ibi tí ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ń tà á ní àwìn, tí wọ́n sì ń padà lọ gba owó ní díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ owó wọn gbé, wọn a lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọn a ní òṣó ni àwọn máa ló títí owó yóò fi pé. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Àwọn ẹlòmíràn ń fi bú wa, àwa sì ń fi í yangàn. Oríkì wa pẹ̀lú sọ pé Ìjẹ̀ṣà kò rí ìdí ìṣáná, pé ilé ni ọmọ Ọwá ti ń mú iná lọ sí oko. Ìlú tí wọ́n ti ń fi ìṣọ́wóná àti aápọn kí ènìyàn nínú oríkì, ta ni yóò wá kọ́ wọn ní iṣẹ́ ṣíṣe níbẹ̀?

Síbẹ̀, èmi tí mo gbé inú ilé òṣómàáló mọ ohun kan tí àwọn tí ń pariwo iṣẹ́ lónìí kò mọ̀ nípa wọn. Ó ju ogún ọdún lọ tí bàbá mi fi ta aṣọ ní Àkókó. Wọn a lọ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, wọn a sì dé pẹ̀lú eruku lára àti ohùn tí ó ti há. Ìwé kan wà tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ajẹgbèsè sí, ìwé ẹlẹ́yìn dúdú tí wọ́n fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so láti òkè. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ṣe bí wọ́n bá ti wọlé, kí wọ́n tó bọ́ bàtà pàápàá, ni pé wọn a fi okùn náà kọ́ ìwé yìí sórí ìṣó tí ó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn yàrá wọn. Ẹnìkan kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn án mọ́ títí di ọjọ́ tí wọn yóò tún gbéra. Láàrin àsìkò yẹn, wọn a jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn a ta ayò pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn, wọn a lọ kí àwọn àna, wọn a gbọ́ ẹjọ́ tí ó ti ń dúró dè wọ́n nínú ẹbí, wọn a sì bi wá léèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan ohun tí a kọ́ ní ilé ìwé. Mo rántí ọ̀gbẹ́ni kan tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn sọ ọ̀rọ̀ owó tí ẹnìkan jẹ ní Ìkàrẹ́ nígbà tí a ń jẹ iyán lọ́wọ́. Bàbá mi kò gbé ojú sókè kúrò nínú àwo, wọ́n kàn sọ pé, "Ìwé wà lórí ìṣó." Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ènìyàn líle ni bàbá mi nídìí òwò, kò sí ajẹgbèsè tí ó fẹ́ rí wọn ní ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ní ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ní ibi tí ó parí sí.

Èmi ni n kò tẹ̀lé ẹsẹ̀ wọn. Ní oṣù Kejìlá, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo gba aṣọ ẹbí ènìyàn méjìlélógójì fún ìgbéyàwó kan tí yóò wáyé ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí ó jẹ́ pé ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn ni léèsì náà tẹ̀ mí lọ́wọ́, tí àwa tí a wà ní ìṣọ́ọ̀bù kò sì ju mẹ́rin lọ. Mo mọ̀ pé kò ṣeé ṣe kí a tó gbà á. Mo gbà á nítorí owó, mo sì tún gbà á nítorí kí wọ́n lè sọ pé kò sí iye aṣọ tí ó lè pọ̀ jù fún ìṣọ́ọ̀bù mi. Òru mẹ́ta gbáko ni a kò fi ẹ̀yìn kan ibùsùn. Ní òru ọjọ́bọ̀, ní nǹkan bí aago méjì, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo ní ẹ̀yìnkùlé, mo ń gé aṣọ lórí tábìlì, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sì ń fi síìpù sí ẹ̀yìn gáùn. Oorun gbé e lọ bí ẹni tẹ ẹ́ lórí wálẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lórí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ẹ̀rọ. Mo gbọ́ tí ìró ẹ̀rọ náà yí padà. Abẹ́rẹ́ ti gba inú èékánná ọwọ́ òsì rẹ̀ kọjá, ní ìka tí ó tẹ̀lé àtàǹpàkò, ó sì ti kán síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ náà sọ ni pé, "Màmá, ẹ má bínú, ẹ̀jẹ̀ ti kán sí aṣọ." Léèsì aláwọ̀ mílíìkì ni. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, aṣọ ni èmi náà kọ́kọ́ wò. Nígbà tí mo wo ìka rẹ̀ ni ara mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wọ́n yọ ṣóńṣó abẹ́rẹ́ náà ní ilé ìwòsàn, ojú egbò sì jinná, ṣùgbọ́n títí di òní, orí ìka yẹn kò mọ ohun tí ó bá fọwọ́ kàn. Aránṣọ yóò mọ ohun tí mo ń sọ: ìka yẹn ni a fi ń mọ ìwúwo aṣọ àti ibi tí ìṣẹ́po wà lábẹ́ rẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó dé ibẹ̀. Òun nìyẹn tí ó jókòó sí ìdí ẹ̀rọ kejì nígbà tí mo ń ka àròkọ yín.

Ohun tí ó ń dùn mí jù lẹ́yìn ìka rẹ̀ ni ohun tí mo ṣe nígbà tí ìgbéyàwó náà kọjá. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ibi tí àwa aránṣọ bá ti pàdé ni mo ti ń ròyìn pé òru mẹ́ta ni a kò sùn, pé aṣọ méjìlélógójì ni a rán. Wọ́n ń kan sáárá sí mi, wọ́n ń pè mí ní akíkanjú. Kò sí ẹnìkan tí ó bi mí pé ta ni ó farapa. Èmi náà kì í sì í dárúkọ ọmọ náà nínú ìròyìn mi.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ẹ̀rọ Butterfly tí a ń fi ọwọ́ ọ̀tún yí ni ọ̀gá mi ní. Bí a bá rí bùbá àti ìró kan rán kí oòrùn tó wọ̀, pẹ̀lú gbogbo ìlẹ̀tí àti bọ́tìnnì rẹ̀, a ti ṣe gudugudu méje. Lónìí, ẹ̀rọ oníná ni mo ń lò, mo sì lè rán ohun tí ó ju mẹ́rin irú rẹ̀ lọ láàrin òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, wákàtí tí ẹ̀rọ náà gbà là fún mi, níbo ni ó wọlé sí? N kò fi ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ sinmi. Aṣọ púpọ̀ sí i ni mo fi dí i, nítorí pé bí ẹ̀rọ ti yá ni àwọn oníbàárà mi náà ń kánjú sí i, tí ẹni tí ó ń fún mi ní oṣù kan tẹ́lẹ̀ wá ń gbé aṣọ wá ní ọjọ́rú fún òde ọjọ́ Sátidé. Ní 1930, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan tí ó jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, John Maynard Keynes, kọ ọ́ sílẹ̀ pé láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún sí ìgbà náà, ẹ̀rọ àti ìmọ̀ yóò ti gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí iṣẹ́ wákàtí 15 ní ọ̀sẹ̀ kan yóò fi tó fún àwọn ọmọ-ọmọ. Ọgọ́rùn-ún ọdún náà kò ní pẹ́ pé. Ọkùnrin náà mọ̀ nípa ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì dé lóòótọ́. Ohun tí kò rí ni pé bí ọwọ́ bá yá, ẹni tí ń gbéṣẹ́ fún ọwọ́ náà yóò fi iṣẹ́ kún iṣẹ́, ẹni tí ó ni ọwọ́ náà yóò sì tún máa dúpẹ́.

Àwọn kan ń sọ pé àṣà wa gan-an ni ó ní kí a máa ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru. N kò gbà. Èdè wa fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí mi. A ń kí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ pé ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá bá ènìyàn tí ó jókòó sí iwájú ilé rẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan, a kì í kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tí ó dẹ́ṣẹ̀. A óò kí i pé ẹ kú ìjókòó. A ń kí ẹni tí ń sinmi pé ẹ kú ìsinmi, a sì ń kí ẹni tí ó ń fẹ́ atẹ́gùn pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ẹ kú fàájì. Ẹni tí ó jókòó wà nídìí ohun kan tí ó tọ́ kí a kí i sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀sẹ̀ àwọn baba ńlá wa, tí ó jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin: ọjọ́ Ọ̀sẹ̀ tí í ṣe ti Ọbàtálá, ọjọ́ Awo tí í ṣe ti Ifá, ọjọ́ Ògún, àti ọjọ́ Jàkúta tí í ṣe ti Ṣàngó. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni mo ń lọ, n kò sì bọ òrìṣà kankan, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn olùsìn ni kì í fi ọjọ́ òrìṣà wọn lọ sí oko, àti pé ọkọ́ a máa simi ní ọjọ́ náà. Nínú àáró pàápàá, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ro oko ara wọn ní àrokárí, iye ebè tí wọn yóò kọ ni a ń dá. Bí ebè náà bá pé, iṣẹ́ ọjọ́ náà parí, kò sí ẹni tí yóò wo oòrùn kí ó ní ó ṣì kù. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀wẹ̀ ni, oúnjẹ àti ẹmu olóko ń dúró dè wọ́n.

Gbogbo wa ni wọ́n kọ́ ní ilé ìwé pé iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, mo sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ta ni ó gba oògùn lọ́wọ́ dókítà tàbí lọ́wọ́ oníṣègùn tí wọn kò sọ fún un pé ṣíbí mélòó ni kí ó lò, àárọ̀ ni tàbí alẹ́, kí ó tó jẹun ni tàbí lẹ́yìn oúnjẹ? Ẹni tí ó bá da ìgò odidi mì nítorí pé oògùn náà dára, àwọn ará ilé rẹ̀ ni yóò gbé e dìde. Àwọn àgbà kan náà tí wọ́n sọ ti iṣẹ́ ni wọ́n sọ pé ìlera ni oògùn ọrọ̀, kò sì yé mi ìdí tí a fi mú ọ̀kan kọ́ àwọn ọmọ tí a sì fi èkejì sílẹ̀.

Pé oorun ni ó ya olówó sọ́tọ̀ kúrò lára tálákà, ọ̀rọ̀ tí ó bí mi nínú jù nínú àròkọ náà nìyẹn. Kí ẹni tí ó kọ ọ́ jí dé Ọjà Atákúmọ̀sà ní ìdájí ọjọ́ kan. Yóò bá àwọn alágbàárù níbẹ̀, tí àwọn mìíràn nínú wọn jẹ́ ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, tí wọ́n ti ru àpò gàrí àti agbọ̀n tòmátì kí àwọn tí wọ́n ni ọjà náà tó jí. Kí ó tún padà lọ ní aago méje alẹ́, yóò bá wọn níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àìsùn ni ó ń sọ ènìyàn di olówó, àwọn ìyá wọ̀nyẹn ni ì bá ni gbogbo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó wà ní Iléṣà. Ẹ jẹ́ kí a tún fi ìṣirò wò ó. Owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin ilẹ̀ wa fọwọ́ sí láti 2024 ni 70,000 náírà. Ẹni tí ó bá fi wákàtí 8 ṣiṣẹ́ lójúmọ́ fún ọjọ́ 22 nínú oṣù, wákàtí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí 398 náírà. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá wá sọ ọ́ di wákàtí 12 lójúmọ́, fún ọgbọ̀n ọjọ́ láìsinmi, tí owó náà kò sì yẹ̀ kúrò ní iye rẹ̀, wákàtí kan ti já sí 194. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ sí i ni owó wákàtí rẹ̀ ń dín kù sí i. Òfin owó oṣù yẹn kò sì mú ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kò dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn ìṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ tí ó wà ní ìlú wa. Bí a bá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé àìṣiṣẹ́ tó ni ó sọ ọ́ di tálákà, irọ́ ni a pa fún un, a sì tún bú u lé e.

Ní oṣù Karùn-ún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé jùmọ̀ kéde pé ní 2016 nìkan, ènìyàn bí 745,000 ni àrùn rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn pa káàkiri ayé nítorí pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí mo gbọ́ iye yẹn, mo jókòó, mo ka wákàtí ti ìṣọ́ọ̀bù mi ní oṣù Kejìlá: aago méje àárọ̀ sí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ọjọ́ mẹ́fà, láì ka àwọn òru àìsùn mọ́ ọn. Wákàtí 84 ni. Ní Japan, ikú àṣekú iṣẹ́ wọ́pọ̀ débi tí ó fi ní orúkọ tirẹ̀ nínú èdè wọn, karoshi. Àwa kò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ níbí, a óò ní àwọn ayé ni.

Ẹ má sì rò pé àwa oníṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni ó kàn. Ọmọ àbúrò mi kan ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ní Èkó. Ó wá lo ọdún Àjíǹde lọ́dọ̀ mi, mo sì gún iyán fún un pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, nítorí pé mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí ó ti jẹ ẹ́ kẹ́yìn. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi ń jẹun, ọwọ́ òsì ni ó fi ń tẹ fóònù, ó sì ń gbàgbé òkèlè sí àárín àwo àti ẹnu. Iyán náà tutù, ó le. Mo ní kí ó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, "Mọ́mì Iléṣà, ọ̀gá wa ni." Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí aago mọ́kànlá ti kọjá, mo gbọ́ tí fóònù náà ń dún ní yàrá rẹ̀, kò pẹ́ sí i, ó tún dún. Ní òwúrọ̀ ó sọ fún mi pé iṣẹ́ kan ni ọ̀gá rẹ̀ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, pé ìkejì ni ó fi ń béèrè ìdí tí òun kò fi tíì fèsì. Mo bi í pé bí ó bá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ iṣẹ́ ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú rẹ̀, ó ní wọn kò ní lé òun, ṣùgbọ́n wọn á máa ní òun kò fọwọ́ pàtàkì mú iṣẹ́, àti pé àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń fèsì. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo wo fóònù yẹn, mo rántí ìwé ẹlẹ́yìn dúdú ti bàbá mi, mo sì rí i pé ìwé gbèsè ti ọmọ yìí ni ó ń bá a sùn lórí ìrọ̀rí, nítorí kò sí ìṣó tí wọ́n gbà á láàyè láti fi í kọ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ ti jà fún ìṣó náà rí. Ní 1886, wọ́n dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Chicago nítorí wákàtí mẹ́jọ, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn níbẹ̀; òun ni a ń rántí ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, tí ìjọba àpapọ̀ wa sọ di ọjọ́ ìsinmi láti 1981, tí ọ̀pọ̀ ìṣọ́ọ̀bù ní Iléṣà kì í sì í tì. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ní 1974 wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Abala 13 rẹ̀ sọ pé ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ rí ìsinmi láàrin iṣẹ́ náà tí àpapọ̀ rẹ̀ kò ní dín ní wákàtí kan, àti pé nínú ọjọ́ méje, ó gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ ìsinmi kan tí kò dín ní wákàtí mẹ́rìnlélógún ní ìtẹ̀léra. Abala 18 sọ pé lẹ́yìn oṣù méjìlá, ó kéré tán, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ni kí wọ́n fún un láti fi sinmi, kí owó rẹ̀ sì pé. Wọn kò dárúkọ iye wákàtí tí iṣẹ́ ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ kọjá, wọ́n fi í sílẹ̀ fún àdéhùn, mo sì rò pé àlèébù ńlá ni, nítorí pé àdéhùn wo ni ẹni tí ebi ń pa lè bá ẹni tí ó ní oúnjẹ ṣe? Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kọ pàápàá, mélòó nínú àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni ó mọ̀ pé ó wà?

Mo mọ ohun tí wọn yóò sọ sí mi. Wọn yóò ní ìlú le, pé owó epo àti owó ilé ìwé kò mọ ìsinmi, pé bí n kò bá gba aṣọ náà, ẹlòmíràn yóò gbà á. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Láti ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ ni mo ti ń ti ìṣọ́ọ̀bù mi ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tí n kò gba aṣọ ẹbí tí kò bá fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ sì ń jẹun ọ̀sán ní ìjókòó fún wákàtí kan. Ẹbí ńlá méjì tí mo ti ń ránṣọ fún láti ìgbà ọmọ wọn àkọ́kọ́ kúrò lọ́dọ̀ mi. Ní ọdún àkọ́kọ́, owó tí ó wọlé dín kù débi pé mo tọrọ àfikún lọ́wọ́ ọmọ mi ọkùnrin kí n tó lè san owó ìṣọ́ọ̀bù. N kò ní tan yín pé Ọlọ́run dá a padà ní ìlọ́po méjì. Kò tíì padà bọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé aṣọ tí wọ́n ń dá padà fún àtúnṣe kò tó nǹkan mọ́, àti pé àwọn ọmọ náà ń kọrin nídìí ẹ̀rọ, èyí tí n kò gbọ́ rí ní gbogbo ọdún tí mo fi ń lé wọn ní eré. Ọmọ tí ó farapa gba òmìnira rẹ̀ ní ọdún tó kọjá. Ó ní òun kò lọ, òun yóò dúró tì mí díẹ̀ sí i.

Èmi nìkan kò lè dá a ṣe, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé. Àwọn tí ń gbé aṣọ wá ní ọjọ́rú fún òde ọjọ́ Sátidé, ẹ̀yin náà ni ẹ wà nínú òru tí abẹ́rẹ́ wọ ìka ọmọ ọlọ́mọ, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lóru, oorun ẹlòmíràn kì í ṣe tiyín. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ní Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀, ẹ ń bu owó ìtanràn fún ẹni tí kò bá wá sí ìpàdé. Ẹ lè fi ẹnu kò lórí aago tí ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ lọ sí ilé pẹ̀lú.

Sí ẹ̀yin gan-an, Olóòtú, ohun méjì ni mo ń tọrọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tún tẹ ìyìn jáde fún ẹni tí kì í sùn láìjẹ́ pé ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, àti lọ́wọ́ àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́, ohun tí àìsùn náà ti gbà lọ́wọ́ wọn. Èkejì ni pé kí ẹ bá wa tẹ abala 13 àti 18 òfin iṣẹ́ yìí ní èdè Yorùbá tí ó yé ènìyàn, ní lẹ́tà ńlá, ní ojú ewé kan ṣoṣo tí a lè gé yọ nínú ìwé ìròyìn. Ẹ lu ihò sí i lókè. Ìṣó kan wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn ìṣọ́ọ̀bù mi tí mo ti kàn sílẹ̀ dè é.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Aránṣọ kan ní Ìṣọ̀kun,
Iléṣà.